Erin tí kò ju etí: bí èmi àti màmá mi ṣe lọ sí Mole

Òkìtì ọ̀gán kan ló mú mi jókòó kọ èyí.

Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ni, lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù January 2024, ní Mole, igbó ìjọba tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko ní àríwá Ghana. Ọ̀gbẹ́ni tó ń wà wá dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó na ọwọ́ sínú igbó, ó ní, "Maa, ẹ wò ó. Erin." Màmá mi yọ awò ojú wọn, wọ́n fi etí aṣọ nù ún, wọ́n gbé e padà sójú. Èmi náà ń wò. Nǹkan kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ga, àwọ̀ eérú ni, ó jókòó sáàárín koríko gbígbẹ. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ilẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bu èlùbọ́ dà sí i. A wò ó títí.

Màmá ní, "Kí ló dé tí kò ju etí?"

Ó ní ó ń sinmi ni.

"Erin tó bá ń sinmi kì í ju etí?"

Ó ní tó bá ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. Ibi tí a ti ń sọ èyí lọ́wọ́ ni ìmàdò kan ti yọ orí láti inú ihò tó wà nídìí erin náà. Ó gbọn ara, ó na ìrù sókè bí ọ̀pá rédíò, ó bá tirẹ̀ lọ.

Màmá mi kò pariwo. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́ kí awakọ̀ má baà gbọ́: "Wọ́n ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Èyí ò tiẹ̀ fìrí." Awakọ̀ ti ṣáná sí ọkọ̀. Ó ní ilẹ̀ ń ṣú lọ, a sì ti rí erin, ká máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe débẹ̀. N kò ní sọ bí Mole ṣe tóbi tó tàbí irú ẹranko tó wà níbẹ̀, gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. (Mo-lè ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè é o, ẹ má wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́.) Tamale ni wọ́n bí màmá mi sí ní 1953. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wọn, wórobo ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghana ìgbà náà, fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lóṣù November 1969, ọmọ ọdún 16 ni Màmá, ẹrù tí orí lè rù náà ni wọ́n gbé wálé. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń sọ pé gbogbo ọdún tí àwọn lò lọ́hùn-ún, ẹnu ọdẹ nìkan ni àwọn ti gbọ́ ìròyìn erin. Nígbà tí wọ́n pé 70, mo ní tó, a ó lọ.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni pé mo wá ẹni bá wa ṣètò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò ní dárúkọ wọn. Owó tí wọ́n gbà ju owó bàálù àwa méjèèjì láti Accra dé Tamale lọ. Wọ́n ní jíìpù gíga ni yóò gbé wa, wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ igbó yóò bá wa lọ, wọ́n ní erin dájú. Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ó dájú, wọ́n fi àwòrán ọwọ́ tí wọ́n nà ní àtàǹpàkò fèsì. Ohun tó wá gbé wa ní Tamale ni ọkọ̀ kékeré kan tí táyà rẹ̀ ti dán bí orí apárí. Wákàtí mẹ́ta ni a fi dúró dè é. Mo béèrè jíìpù, ó ní ó wà níwájú. Mo béèrè ẹ̀ṣọ́, ó ní a ò nílò rẹ̀. Ọ̀nà ńlá tó gba ẹnu géètì wọlé ló tọ̀ lọ, kò yà sí ibì kankan, ibẹ̀ náà ni a ti pàdé ọ̀gán. Gbogbo sàfárì wa nìyẹn.

Lálẹ́, mo pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀meje. Níkẹyìn wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ọkùnrin náà kí mi, ó kí màmá mi, ó kí Nàìjíríà, ó wá ní ẹranko igbó wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹni tó fọwọ́ sọ̀yà fún mi ní December! Mo ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ká lè kúrò láàárọ̀.

Kò tíì tó aago mẹ́fà àárọ̀ tí mo fi jí, bẹ́ẹ̀dì Màmá ti ṣófo. Mo bá wọn lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Màmá ti kí wọn ní "dasiba," ìyẹn ẹ káàárọ̀ àwọn Dagomba, Hausa ni wọ́n sì fi ń bá a lọ. Hausa tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí ju ọjà lọ! Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé ìbọn kọ́ èjìká ń sọ fún wọn pé ìyá ìyá òun máa ń ròyìn àwọn Yorùbá tó ń ta abẹ́rẹ́ àti òwú. Màmá ní, "Bàbá mi nìyẹn." Bóyá òun ni, bóyá òun kọ́. Wọ́n ti pinnu.

Owó tí a san kí ọmọkùnrin náà lè fi ẹsẹ̀ mú wa wọ igbó kò tó owó oúnjẹ alẹ́ wa. Níbẹ̀ gan-an ni èèyàn ti ń san án, kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti bá èèyàn dá sí i. Ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ Màmá. Sálúbàtà. Ó mi orí. Bàtà róbà gígùn tó kù láti yá jẹ́ 42, 38 ni Màmá ń wọ̀. Wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n fà á ya sí méjì, wọ́n ki ọ̀kọ̀ọ̀kan sí iwájú bàtà, wọ́n dìde, wọ́n rìn káàkiri bí sójà, wọ́n ní ó ti dáa.

A sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tí ilé ìtura wà lọ sí ibi adágún omi. Ẹ̀ṣọ́ máa ń bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀, a dà á sílẹ̀, a wo ibi tí atẹ́gùn ń gbé e lọ. Ó fi igi tú ìgbẹ́ erin kan wò: koríko tí eyín ò lọ̀ kúnná, èso odidi, ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀. Ó ní kí a má sọ̀rọ̀ mọ́.

Mẹ́ta ló wà nínú omi. Akọ ni gbogbo wọn. Àwọn abo a máa kó ọmọ wọn rìn lọ́tọ̀, ìyá àgbà kan á sì máa ṣíwájú, akọ tó bá ti ń bàlágà á bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀ṣọ́ sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé oṣù 22 ni wọ́n fi ń lóyún. Màmá ní kó tún un sọ. Ọmọ mẹ́fà ni Màmá bí. Èyí tó súnmọ́ wa jù ki ọwọ́ ìjà rẹ̀ bọ omi, ó fà á, a gbọ́ ọ bí ẹni ń fa ẹ̀kọ mímu, ó ká a wọ ẹnu, omi dà sílẹ̀ lára àgbọ̀n rẹ̀. Eyín rẹ̀ òsì kúrú ju ti ọ̀tún lọ, ibi tó ti ṣẹ́ ti dán. Ó sì ń ju etí.

Lójijì ẹ̀ṣọ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè. A dúró. Èkẹrin ti gba ẹ̀yìn wa kọjá, kò jìn ju ibi tí òkò ọwọ́ ọmọdé lè dé lọ. N kò gbọ́ nǹkan kan! Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ àjànàkú tí í mi igbó kìjikìji. Ẹni tó sọ ọ́, òkèèrè ló ti sọ ọ́. Ẹ̀ṣọ́ ní ọ̀rá tó nípọn bí fóòmù ló wà nínú àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Ohun tí mo gbọ́ ni kíkùn kan tó rọra ń jáde lára rẹ̀, bí jẹnẹrétọ̀ ilé kẹta. Mo rò pé ebi ni. Ọ̀fun ni, ó ní, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Màmá mi di apá mi mú. Ọwọ́ wọn tutù. Wọn ò sọ nǹkan kan títí a fi gun òkè padà, àfi ìgbà tí bàtà kan bọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ láàárín December sí April, ìgbà tí omi ti gbẹ nínú igbó tí erin ò ní ibòmíràn. Kó fi bíréèdì pamọ́, ọ̀bọ ńlá kan gba tiwa lórí tábìlì, ó jókòó jẹ ẹ́ lójú wa. Mọ́ṣáláṣí alámọ̀ Larabanga wà lẹ́bàá ibẹ̀, wọ́n ní láti 1421 ni. A yà, Màmá ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn, a kọjá.

Wọn ò tíì dá kọ́bọ̀ padà fún mi. "Ọ̀gá á pè yín" ni wọ́n ń sọ, oṣù kẹta rèé.

Máàkì: 2 nínú 5. Màmá gbọ́ bí mo ṣe ń kà á sókè, wọ́n ní 5 ló yẹ kí n kọ. Àwọn kọ́ ló sanwó ọ̀gán.