REAPER lóde eré ní Ilé-Ifẹ̀: ó yẹ etí èrò, kò yẹ etí onílù

Ó ti tó ọdún kan báyìí tí mo ti ń fi REAPER, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò, ṣe mixer, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń po ohùn pọ̀, lóde eré ojúkojú ní Ilé-Ifẹ̀. Ìdájọ́ mi lórí rẹ̀ kò gùn: mo lè fi ohùn tí èrò ń gbọ́ lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò ní fi ohùn tí onílù ń gbọ́ lé e lọ́wọ́ mọ́.

Ilé-iṣẹ́ Cockos ló ṣe é. Justin Frankel tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ló kọ Winamp, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń gbọ́ orin ní káfé nígbà kan. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux. Ọjọ́ 60 ni wọ́n fún ènìyàn láti dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kò sì ti apá kankan nínú rẹ̀ pa láàárín àkókò náà. Lẹ́yìn ìyẹn, dọ́là 60 ni ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju dọ́là 20,000 lọ lọ́dún yóò san, àwọn ilé-iṣẹ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò sì san 225. Kò sí owó oṣooṣù. Bí a bá ṣẹ́ dọ́là 60 sí náírà, kì í ṣe owó tí ẹni tó ń ṣe sáùńdì ìgbéyàwó yóò kàn yọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n owó mixer díjítà tuntun fi jìnnà jù ú lọ. Ẹ má gbàgbé pé ẹ ṣì nílò interface, ìyẹn àpótí tí wáyà máìkì ń gbà wọ inú kọ̀ǹpútà.

Gbọ̀ngàn kan lójú ọ̀nà Ẹdẹ ni mo ti kọ́kọ́ gbé e jáde, pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin tó ní ìyáàlù, omele, gúdúgúdú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù, gìtá àti akọrin mẹ́rin. Ìyáàlù ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni sọ́fítíwíà yìí ti jọ mí lójú. Bí máìkì bá sún mọ́ etí awọ jù, ṣaworo tó yí i ká ni yóò gba gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́ ìlù lẹ́nu. Bí ó bá sì jìnnà jù, gúdúgúdú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò yalé tọ̀ ọ́ wá. Nígbà tí mo rí ibi tó dọ́gba, mo ṣí ReaEQ, EQ (ohun èlò tí a fi ń gé apá kan ohùn tàbí fi gbé e sókè) tó wà nínú REAPER láìsí owó mìíràn, mo gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 70 Hz, ìyẹn ohùn tó rẹlẹ̀ jù, mo sì rọra fa ibi tí ṣaworo ti ń dún wálẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ìró náà hàn bí òkè àti àfonífojì, mo sì ń rí i bí òkè náà ṣe ń sún lọ sún bọ̀ bí onílù ṣe ń fún ọsán mọ́ra tó sì ń tú u sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ àṣìṣe tí mo ti ń ṣe fún ọdún pípẹ́ lórí mixer àtijọ́. Ibi tí mo rò pé ariwo gbọ̀ngàn ni, tí mo máa ń gé dànù, ohùn dò ìyáàlù ni. Re àti mí nìkan ni mo ń ṣẹ́kù fún àwọn ènìyàn, bẹ́ẹ̀ oríkì ni bàbá náà ń kì.

Bàbá yìí kan náà ló kọ́kọ́ dá mi lẹ́jọ́ nípa ìdádúró. Kò tíì lù tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi pè mí: “Ọmọ mi, ta ló ń sín mi jẹ nínú sípíkà yìí?” Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi fúnra mi ni mo ti fi EQ kan tí wọ́n ṣe fún sítúdíò sórí ohùn àpapọ̀, irú èyí tó máa ń kó ìró jọ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó tú u sílẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán. Ìdìpọ̀-ìdìpọ̀ ni kọ̀ǹpútà máa ń gba ìró. Bí ìdìpọ̀ kan bá jẹ́ sample 128 (sample ni ègé ìró kékeré kan), tí a sì ń gba sample 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò gba mílísẹ́kọ́ńdì 2.7 ní àbáwọlé, iye kan náà ní àbájáde, kí interface tó fi tirẹ̀ kún un. Lọ́dọ̀ mi, gbogbo rẹ̀ ń lọ sí bíi 8. Ẹni tó jókòó ní mítà 10 sí sípíkà kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí afẹ́fẹ́ nìkan ti dá ìró náà dúró fún bíi mílísẹ́kọ́ńdì 29 kí ó tó dé etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n onílù ń gbọ́ ìlù tó wà lábíyá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì tún ń gbọ́ èkejì láti inú mónítọ̀, sípíkà tó kọjú sí olórin, tó wà níwájú rẹ̀. Ìjà ni àwọn méjèèjì ń jà létí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pín wáyà máìkì sí méjì: ọ̀kan ń lọ sínú kọ̀ǹpútà fún èrò, èkejì ń lọ sínú mixer kékeré àtijọ́ fún mónítọ̀.

Ẹ tún mọ̀ pé kọ̀ǹpútà tó ń gbé orin ìlà (track) 60 nílé láìmikàn lè máa ta pàrà-pàrà lóde pẹ̀lú máìkì mẹ́wàá péré. Orin tó ti wà nílẹ̀, REAPER lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Èyí tó ń jáde lẹ́nu akọrin lọ́wọ́lọ́wọ́ kò ṣe é ṣe ṣáájú. Ẹ dín plugin, àwọn ohun èlò bíi EQ tí ẹ ń fi sórí ohùn, kù. Ẹ pa ìró ìkìlọ̀ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, kí ó má baà dún láàárín àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ bó ṣe dún níbi tèmi.

Iná lọ nígbà tí wọ́n ń kọ orin kẹta. Bátìrì gbé kọ̀ǹpútà dúró, ṣùgbọ́n interface kú, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ sì gbé iná dé, mo ní láti tún so ó mọ́ REAPER kí ohùn tó padà. Bíi ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ ni, ó sì gùn lójú mi ju gbogbo eré náà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onílù kò dúró rárá, tí àwọn tó ń jó kò sì dúró. UPS kékeré kan, àpótí bátìrì tó ń gbé iná dúró, ni mo fi wo àìsàn yẹn. Máòsì náà ní wàhálà tirẹ̀, torí kò lè fa ohùn akọrin sókè kí ó sì fa gìtá wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n REAPER gba kí ènìyàn máa darí rẹ̀ láti orí fóònù, mo sì fẹ́ràn láti rìn dé ìjókòó ẹ̀yìn, kí n máa tún ohùn ṣe níbi tí èrò gan-an wà.

Ohun tí n kò lè fi sílẹ̀ mọ́ ni pé bó ṣe ń ṣe mixer náà ló ń gba ìlà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Máìkì 10 fún wákàtí méjì, ní bit 24, ń gba nǹkan bíi GB 10. Nígbà tí a tún padà sí gbọ̀ngàn náà, mo dé ní aago méjì, àwọn olórin kò dé títí di aago márùn-ún (kò sẹ́ni tó bá wọn wí). Eré ìṣáájú tí mo ti gbà sílẹ̀ ni mo fi tún gbogbo sípíkà tò kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Bàbá onílù wá jókòó tì mí, ó ní kí n dá ìyáàlù nìkan dún. Ó gbọ́ ọ títí, ó ní kí n dá a padà díẹ̀, ó sì na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà: “Níbí yìí, ọsán kan ti dẹ̀.” Ó gbé ìlù rẹ̀ sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.