Páálí bàtà 46 nínú kọ̀nténà àjọlò

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún ilé iṣẹ́ tó bá mi kó bàtà láti Ṣáínà, síbẹ̀ mo ti tún kó ẹrù míì fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Bàtà aláwọ ni mo ń tà. Ẹrù mi kì í kún kọ̀nténà, ìyẹn ni mo fi wá ilé iṣẹ́ tó ń kó ẹrù èèyàn púpọ̀ pọ̀ sójú kan, tí kálukú á sanwó àyè tó gbà. FOB ni mo bá olùtajà mi ṣe ní èbúté Ningbo, ní Ṣáínà: òun á gbé ẹrù dénú ọkọ̀, èmi á sanwó ojú omi. Àwọn olùtajà kan máa ń ní kí a fi owó ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn, iye tí wọ́n máa ń pè sì máa ń dùn létí. Ìgbà tí ẹrù bá sọ̀ tán lèèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìyókù ìwé owó. Mo ti jẹ ìyà yẹn rí.

Níbi ìwọ̀n ni wọ́n ti kọ́kọ́ wú mi lórí. Nínú ìwé olùtajà, páálí kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 × 50 × 40 sẹ̀ǹtímítà, àpapọ̀ gbogbo 46 sì jẹ́ CBM 5.52 (CBM kan ni àyè tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan). Ẹrù dé ilé ìkẹ́rùsí wọn, wọ́n ní 6.45. Mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ burúkú lórí fóònù nígbà tí fídíò wọlé: ọmọkùnrin kan ń na téèpù sára páálí tó wú bí ikùn ẹni tó yó, 63 × 53 × 42. Ibi tó wú jù ni wọ́n ń wọ̀n, torí àyè tó máa gbà nìyẹn. Sẹ̀ǹtímítà méjì, mẹ́ta, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi odidi CBM kan kún owó mi. Mo pa ohun tí mo tẹ̀ rẹ́. (Ẹni tó ń kó irin ò níṣòro èyí, bí CBM kan bá ti wúwo ju 1,000 kìlógíráàmù lọ, ìwúwo ni wọ́n máa fi gbowó.)

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn kan pẹ́ kó tó dé. Ọjọ́ 19 ni páálí mi fi jókòó kí kọ̀nténà tó kún. Ọjọ́ 35 tí wọ́n ní ẹrù á fi dé, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ṣí ni wọ́n ti ń kà á. Èmi ni mi ò béèrè.

Ọkọ̀ wá ṣí. Ìgbàkígbà tí mo bá pè, ìdáhùn kan náà ni: ó ti ń bọ̀. Mo wá gba nọ́ńbà kọ̀nténà lọ́wọ́ wọn, lẹ́tà mẹ́rin àti díjíìtì méje, mo tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun. Singapore ló wà! Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ń retí òmíràn láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Pípààrọ̀ ọkọ̀ lọ́nà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Wọn ò sáà lè sọ pé wọn ò mọ̀. Ìràwọ̀ kan lọ síbẹ̀.

Ìkejì lọ sọ́dọ̀ aṣọ́bodè. Ẹnì kan nínú wa kó bátìrì tí kò kọ sílẹ̀, ni wọ́n bá tú gbogbo kọ̀nténà wò. Ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n pín owó ìdúró ẹrù náà fún gbogbo wa. Mo jà, wọ́n fi ìlà kan hàn mí nínú àdéhùn tí mo fọwọ́ sí, mo sì sanwó pẹ̀lú ojú kíkorò.

Páálí méjì tó wà lókè ti hu èbu. Ooru ọ̀sán àti òtútù òru ló máa ń mú kí omi sẹ̀ sí abẹ́ òrùlé kọ̀nténà, kó wá máa kán lé ẹrù. Wọ́n ti ní kí n fi àpò kéékèèké tó ń fa omi sínú bàtà, mo rò pé olùtajà á ṣe é. Mi ò lè bá wọn wí lórí ìyẹn.

Ẹrù tuntun ti dé ilé ìkẹ́rùsí wọn. Páálí tó nípọn ni mo ní kí wọ́n lò, kí wọ́n dè é lókùn, kí àpò náà sì wà nínú bàtà kọ̀ọ̀kan. Fídíò téèpù wọlé láàárọ̀ yìí: 60.5 × 50 × 40.