Pacemaker oní-kọ́ìlì, oní-MICS àti oní-Bluetooth: èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá pacemaker, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sínú ara kí ọkàn lè máa lù bó ṣe yẹ, fún bàbá tàbí màmá, mo mọ̀ pé iye owó àti ọdún tí bátìrì ẹ̀ máa lò lẹ kọ́kọ́ máa bèèrè, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè àntẹ́nà inú ẹ̀ náà, torí òun ló máa sọ bóyá dandan ni kí bàbá wọ mọ́tò lọ sọ́sípítù kí wọ́n tó mọ ohun tí pacemaker ń ṣe, àbí dọ́kítà á máa rí i nígbà tí bàbá ń sùn nílé.

Àntẹ́nà yìí ò rọrùn ṣe rárá. Omi àti iyọ̀ ló kún inú ara wa, wọ́n sì máa ń mu ìgbì rédíò bí gààrí ṣe ń mu omi. Titanium ni ìkarahun pacemaker, ìgbì MICS (rédíò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ inú ara) àti ti Bluetooth ò lè gba inú irin yẹn jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki àntẹ́nà sínú ike tó wà lórí ẹ̀, níbi tí wáyà tó lọ sọ́kàn ti wọlé, ibẹ̀ sì há gan-an. Ohun tó kó wọn yọ ni pé ara yẹn náà ló ń sọ ìgbì di kúkúrú: ìgbì MICS, ní 403 MHz, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 74 nínú afẹ́fẹ́ ò ju nǹkan bíi 10 lọ nínú ẹran ara, ni wọ́n bá ká àntẹ́nà ọ̀hún kọ́lọkọ̀lọ kó lè gba ibẹ̀.

Kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká bí òrùka, ló pẹ́ jù láyé. Ìgbì ẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, àwọn kan ń lo 175 kHz, torí náà titanium ò dí i lọ́wọ́, àmọ́ kì í rìn ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ, àfi kí wọ́n gbé ẹnu ẹ̀rọ tí dọ́kítà fi ń bá a sọ̀rọ̀ lé àyà gan-an. Kékeré ni Micra, pacemaker tó ń wọnú ọkàn láìní wáyà, síbẹ̀ abẹ́ èyí náà ló wà.

Èmi o, MICS ni mo fẹ́ràn jù. Lọ́dún 1999 ni Amẹ́ríkà ya 402 sí 405 MHz sọ́tọ̀ fún un, agbára tó lè gbé jáde ò sì gbọdọ̀ ju microwatt 25 lọ, ó kéré ṣá, àmọ́ ó tó dé àpótí tẹ́ ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lóru ni àpótí yẹn á gba gbogbo ìròyìn, á sì fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù rán an sí dọ́kítà. Ibi tó ti máa ń dùn wá nìyí: iná ńkọ́? Ṣé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti ṣí iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ní Nàìjíríà? Ẹ̀yin tí wọ́n fi tiyín sí lára ní London tẹ́ ẹ wá fẹ́ wá fẹ̀yìn tì sílé, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó wọ bààlù o. Ẹ bèèrè ààbò náà, torí lọ́dún 2019 ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé Conexus, rédíò tí ilé-iṣẹ́ Medtronic ń lò nínú àwọn ẹ̀rọ ọkàn kan, kò ní ohun tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́.

Bluetooth ló dé kẹ́yìn, Azure ti Medtronic lọ́dún 2017, Gallant ti Abbott lọ́dún 2020 (ìyẹn kì í ṣe pacemaker lásán, ó tún ń fi iná ta ọkàn tó bá sáré jù). 2.4 GHz ni, àntẹ́nà ẹ̀ lè kéré sí i, àmọ́ ara ń mu ìgbì ẹ̀ ju ti MICS lọ, Wi-Fi àti àwọn tó kù sì ń jà níbẹ̀. Ẹ ò nílò àpótí, fóònù ti tó. Ṣùgbọ́n bàbá tó ń lo fóònù tọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ẹ má rà á fún wọn, àyàfi tí ẹnì kan bá ń bá wọn gbé tó mọ̀ ọ́n lò.

Ẹ̀rọ tí dọ́kítà fi ń bá ti Medtronic sọ̀rọ̀ ò lè bá ti Biotronik sọ̀rọ̀ o. Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi dọ́kítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn pé ti ilé-iṣẹ́ wo ló wà lọ́wọ́ wọn, tí kò bá bá èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà mu, ẹ wá pacemaker mìíràn.