Kọ́bọ́ọ̀dù irin tí wẹ́dà Ìṣọkùn ṣe fún òògùn wa

Oṣù mẹ́jọ rèé tí kọ́bọ́ọ̀dù náà ti wà nínú yàrá òògùn wa ní Iléṣà, mo sì ti lò ó débi tí mo lè sọ ohun tí ojú mi rí. Wẹ́dà kan ní ọ̀nà Ìṣọkùn ló bá mi ṣe é. ₦185,000 ni mo san, owó àgádágodo àti owó ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé. Ìlẹ̀kùn méjì ló ní, ọ̀kan wà nínú èkejì. Ti ìta bo gbogbo rẹ̀. Ti inú bo pẹpẹ òkè nìkan, níbi tí mo ń kó àwọn òògùn tó lè gbẹ̀mí èèyàn sí. Diazepam wà níbẹ̀, potassium chloride wà níbẹ̀, digoxin náà wà níbẹ̀.

Torí digoxin yìí ni mo ṣe ṣe é.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, tí mo sì ṣí ilé ìwòsàn kékeré yìí, ibùsùn mẹ́fà péré. Inú dúrọ́ọ̀ onígi ni òògùn ń gbé tẹ́lẹ̀. Orí ìṣó lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń rọ̀ sí, gbogbo wa la mọ ibẹ̀, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ ìmọ̀ òògùn ní Yunifásítì Ifẹ̀ wálé lásìkò Àjíǹde, ó rí ìṣó yẹn, ó ní, “Mọ̀mí, ṣé ẹ ò gbọ́ nípa Charles Cullen rí ni?” N ò gbọ́ rí. Ó jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. N ò rí oorun sùn.

Nọ́ọ̀sì bíi tèmi ni Cullen, àmọ́ ó ń fi òògùn pa àwọn aláìsàn. West Orange ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1960, òun ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ mẹ́jọ. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà ní ọmọ ọwọ́, ìjàǹbá ọkọ̀ sì pa ìyá rẹ̀ lọ́dún 1977. Ó wọṣẹ́ ológun ojú omi, ó kúrò níbẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́dún 1987, wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù àwọn tí iná jó ní ọsibítù St. Barnabas. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló pa ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, adájọ́ kan ni. Láti ibẹ̀, ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ń ti ọsibítù kan bọ́ sí òmíràn ní New Jersey àti Pennsylvania, mẹ́sàn-án lápapọ̀, pẹ̀lú ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Iṣẹ́ òru ló fẹ́ràn. Digoxin àti insulin, òògùn àtọ̀gbẹ, ló sábà máa ń fi pa wọ́n.

Ẹni tó bá ti fún aláìsàn ní digoxin rí á mọ ìdí tí ẹ̀rù fi bà mí. Òògùn ọkàn ni, ó sì ń gba ẹ̀mí là, àmọ́ ìwọ̀n tó ń wo èèyàn sàn àti ìwọ̀n tó ń pa á kò jìnnà síra wọn. Bó bá pọ̀ jù, lílù ọkàn á dàrú títí á fi dúró. Ti insulin náà, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló máa já wálẹ̀ títí ọpọlọ kò fi ní rí nǹkan jẹ mọ́. Bí arúgbó tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ bá kú báyẹn lóru, ta ló máa bèèrè?

Obìnrin àgbà kan bèèrè. Lọ́dún 1993, ní ọsibítù Warren, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan tí kò sí lára àwọn tó ń tọ́jú òun ló wá gún òun lábẹ́rẹ́. Ó kú lọ́jọ́ kejì. Ọmọ rẹ̀ pariwo, wọ́n bi Cullen léèrè, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń dá irọ́ mọ̀ dán an wò, ó yege, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Ibi tí mo ti ń sunkún nìyí nígbà tí ọmọ mi ń sọ ọ́. Ìyá náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mélòó nínú àwọn ìyá tó ti di ọwọ́ mi mú lórí ibùsùn ni mo ti dá lóhùn pé “Ẹ má ṣèyọnu, ẹ sùn”?

Ohun kan tún wà tí n ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní ọsibítù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ìgò abẹ́rẹ́ mẹ́rin pòórá lóru ọjọ́ kan. Ọ̀gá wa ní kí n kọ “ó fọ́” sínú ìwé. Mo kọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan jí i tà ni, ó lè jẹ́ nǹkan tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóru tí mo gbọ́ ìtàn Cullen, ìgò mẹ́rin yẹn ló ń yí lórí mi. Báyẹn gan-an ló ṣe bọ́ mọ́ àwọn ọsibítù ọ̀hún lọ́wọ́: wọ́n fura sí i níbí, wọ́n ní kó máa lọ, wọn ò sọ fún ibi tó ń lọ.

Ní Somerset Medical Center, níbi tó dé lọ́dún 2002, kì í ṣe dúrọ́ọ̀ onígi ni wọ́n ń lò. Ẹ̀rọ ni, ó ní kọ̀ǹpútà lára, ó ń kọ orúkọ ẹni tó mú òògùn àti àkókò tó mú un. Cullen á tẹ orúkọ òògùn, dúrọ́ọ̀ á ṣí, á sì fagi lé ohun tó tẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ dúrọ́ọ̀ ti ṣí ná. Gbogbo fífagilé yẹn wà nínú ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ní July 2003, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ májèlé ní New Jersey kìlọ̀ fún ọsibítù náà pé ó jọ pé ẹnì kan ń fi òògùn pa aláìsàn. Ó di October kí wọ́n tó lọ sọ fún àwọn agbófinró, àwọn mìíràn sì ti kú láàárín ìgbà náà. Nígbà tí ìwé tí ẹ̀rọ náà tẹ̀ jáde dé iwájú Amy Loughren, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ràn rẹ̀ bí ọ̀rẹ́, ohun tó rí yé e. Òun ló bá àwọn ọlọ́pàá ṣiṣẹ́. December 12, 2003 ni wọ́n mú Cullen. Ẹni mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó pa, òun fúnra rẹ̀ sọ pé ó lè tó ogójì, àwọn tó wádìí rẹ̀ sì gbà pé ó lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún un lọ́dún 2006.

Mo sọ èyí fún wẹ́dà mi bó ti rí. Ó dákẹ́, ó ní, “Mọ̀mí, kọ́kọ́rọ́ méjì, ọwọ́ méjì.” Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Ti ìta wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ti inú wà lọ́wọ́ mi tàbí igbákejì mi. Ẹ kíyè sí àgádágodo tí ẹ máa rà. Oríṣi kan náà ni mo kọ́kọ́ rà méjì nínú rẹ̀ ní ọjà Àtàkúnmọ́sà. Nígbà tí mo délé, mo dán an wò: kọ́kọ́rọ́ èkíní ṣí èkejì! Mo dá wọn padà, mo ra oríṣi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú di èyí.

Iṣẹ́ irin náà dáa. Ó nípọn, ojú ibi tó jó pọ̀ dán, ìlẹ̀kùn kò ha ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ju àdéhùn wa lọ torí iná, n ò sì bá a jà. Òórùn ọ̀dà rẹ̀ pẹ́ kó tó lọ, ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ má kó òògùn sí i kó tó gbẹ tán. Ara ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa ni a kọ́kọ́ gbé e sí, mo gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru sínú rẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó kà 34°C. Òògùn á bàjẹ́ nínú ooru tó tó bẹ́ẹ̀. A gbé e lọ sí ògiri kejì, ó bọ́ sí 29°C.

Àléébù tó ń dùn mí jù ni ti insulin. Inú fíríìjì ló ń gbé, kọ́bọ́ọ̀dù yìí kò ní fíríìjì nínú. Mo ní kí wẹ́dà jó irin mọ́ ara fíríìjì kí n lè fi àgádágodo sí i, ó kọ̀, ó ní bí iná òun bá lu ara rẹ̀, gáàsì á jáde. Òótọ́ ló sọ. Ike onídèérí ni mo lu ihò sí, mo fi àgádágodo há a, mo sì gbé fíríìjì náà wọ yàrá òògùn tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí ẹni tó bá fẹ́ lè gbé ike náà tòun ti àgádágodo lọ.

Bàbá mi ṣe òṣómàáló, ó ń ta aṣọ láwìn, dé Èkìtì àti Àkókó. Aṣọ kan kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ orúkọ ẹni tó gbà á, alaalẹ́ ló sì ń tan àtùpà kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, orúkọ kan kì í bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo gbé rẹ́jísítà kan sínú kọ́bọ́ọ̀dù náà, mo so bírò mọ́ ọn. Ẹni tó mú òògùn á kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ aláìsàn, iye tó mú, iye tó kù. Aago méje àárọ̀ àti aago méje alẹ́, ẹni méjì á jọ kà á. Wọ́n kì í kọ “ó fọ́” níbẹ̀ bí n kò bá fojú ara mi rí àfọ́kù.

Ní oṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì òru pè mí ní aago mọ́kànlá, ó ní “Mà, digoxin dín ọ̀kan.” Ọmọbìnrin kékeré ni, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo wọ bàtà, mo dé ibẹ̀, àwa méjèèjì tan tọ́ọ̀ṣì. Ìgò náà ti yí gba ẹ̀yìn pẹpẹ, ó há sáàárín irin àti irin. Mo dì mọ́ ọmọ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe wẹ́dà, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, ó jó irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn pẹpẹ kí nǹkan má lè yí lọ mọ́, kò gba kọ́bọ̀. Ó ní gbogbo èyí tí òun bá tún ṣe á ti ní i. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn pẹpẹ kí ẹ tó sanwó.