Ìpàdé Ìtùnú Ọjọ́ Sátidé ní Yábàá: Fọ́ọ̀mù Wọn Kò Mọ̀ Ju Òkú Lọ

Náírà 5,000 lẹ ó san nígbà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá wá jókòó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé yìí, irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ mẹ́fà ló wà, èèyàn mẹ́jọ péré ni wọ́n sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Kò di dandan kí èèyàn kú fún yín kẹ́ ẹ tó wá. Ìgbéyàwó tó tú, oyún tó wálẹ̀, ìyá tí àrùn ìgbàgbé mú tí kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́.

Àmọ́ ẹ wo fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fúnni lẹ́nu ọ̀nà. Ìlà kejì: "Orúkọ olóògbé." Ìlà kẹta: "Ọjọ́ tó kú." Kí ni kí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíyà, tí kò gbúròó rẹ̀ mọ́, kọ síbẹ̀? Bó bá kọ orúkọ ọkọ rẹ̀, ó ti fi báírò sin ín nìyẹn. Ẹ kú ọ̀fọ̀ ò ṣeé kí i, a ò sì lè ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́, kí Pauline Boss, onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ìdílé ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ àwọn ìdílé tí ọmọ ogun wọn sọnù ní Vietnam. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa tún fọ́ọ̀mù yẹn ṣe: "Kí lẹ pàdánù?"

Ìjókòó kejì ló dùn mọ́ wa jù. Oníkálukú á mú nǹkan kékeré kan wá. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná ní Balógun lọ́dún 2019 lè mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Á gbé e sórí tábìlì, á sọ ohun tó ń fi ṣí, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fèsì fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ibi tó ti ń bàjẹ́ nílé wa nìyẹn: ẹni tí oyún bọ́ lára rẹ̀ ò tíì mí tán, a ti ní "omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ọ̀rọ̀ ìtùnú gidi ni, ṣùgbọ́n bó bá tètè dé jù, ńṣe ló ń pani lẹ́nu mọ́. Olùdarí wọn mọ èyí, ọwọ́ ló fi ń dá ẹni tó bá fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ dúró.

Ìwé tí wọ́n pín ní ìjókòó kẹrin ò dáa. Wọ́n to ìpele márùn-ún ti dókítà Kübler-Ross, tí ìbínú wà lára wọn, bí àtẹ̀gùn téèyàn gbọ́dọ̀ gùn tẹ̀ léra, bẹ́ẹ̀ àwọn aláìsàn tí ikú ń bọ̀ wá bá gan-an ló kọ nípa wọn lọ́dún 1969. Ẹni tí kò bá bínú á wá máa rò pé òun ò mọ ọ̀fọ̀ ṣe.

Ẹ yan ti aago mẹ́wàá àárọ̀. Bó bá di ọ̀sán, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì á ti máa bú lábẹ́ fèrèsé, èèyàn á sì ní láti pariwo ohun tó fẹ́ sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.