Mo fi Canon EOS 1100D tòkunbọ̀ wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ní Kàbà

Kámẹ́rà yìí lè wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, kódà ó ń ṣe é ju ohun tí owó rẹ̀ tó lọ. Àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe gbé e lé yín lọ́wọ́ ló ṣe máa ṣe é. Ọdún 2011 ló jáde, píksẹ́lì mílíọ̀nù 12, lẹ́ńsì 18–55 mm ló bá a wá. Lọ́kọ́ja ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ọlọ́jà kan tó búra pé bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára. Irọ́ ni. Mo ra òmíràn.

Ẹ kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ẹwà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá ya JPEG, kámẹ́rà á ti gbé ibi tó ṣókùnkùn sókè, á ti tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ wálẹ̀, kó lè dùn ún wò. Ìwọ̀n ti bàjẹ́ nìyẹn. RAW ni kí ẹ lò, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ láti 0 dé 16,383. Nínú píksẹ́lì mẹ́rin-mẹ́rin tó wà lójú sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, méjì ń wo àwọ̀ ewé, ọ̀kan ń wo pupa, ọ̀kan ń wo búlúù. Ti àwọ̀ ewé nìkan ni mo ń mú, torí òun ló sún mọ́ V, àsẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń wọn nǹkan. Siril, ètò kọ̀ǹpútà kan fún fọ́tò ìràwọ̀, máa ń yọ ọ́ lọ́tọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Kí n tó gba nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́, mo gbé e kọjú sí ògiri funfun nínú yàrá lọ́sàn-án. Tí mo bá sọ àkókò tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì, nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì, lẹ́yìn tí mo bá ti yọ iye tó máa ń kọ nínú òkùnkùn biribiri kúrò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, n kì í jẹ́ kí ìràwọ̀ kankan kọjá 10,000, kó má baà kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹ má fi iná NEPA dán an wò o! Iná tiwa níbí ń lọ sókè sódò, ẹ óò kàn máa dá kámẹ́rà lẹ́bi ohun tí kò ṣe ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ba fókọ́ọ̀sì jẹ́ díẹ̀. Ìràwọ̀ tó bá mú ṣáṣá á kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sórí píksẹ́lì kan tàbí méjì. Bó bá jẹ́ pé pupa ló bọ́ sí, ti àwọ̀ ewé á fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan. Tó bá fẹ̀, ọ̀pọ̀ píksẹ́lì ló máa pín in. Ní 55 mm, píksẹ́lì kan gba nǹkan bí arcsecond 20 lójú ọ̀run (3,600 arcsecond ló wà nínú dígírì kan), ìràwọ̀ sì ń rìn ní arcsecond 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí ìṣẹ́jú àáyá 10 lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lásán, láìsí mọ́tò tó ń tẹ̀ lé ìràwọ̀, kò fi ní pa yín lára. Lóru kan náà, ẹ fi ìdérí bo lẹ́ńsì, kí ẹ ya díẹ̀ sí i ní ISO àti àkókò kan náà, kí ẹ lè yọ iye òkùnkùn yẹn kúrò. Láàárọ̀, ẹ fi aṣọ funfun bò ó, kí ẹ ya ojú ọ̀run, kí ẹ lè mọ bí etí fọ́tò ṣe ṣókùnkùn ju àárín lọ.

Zeta Geminorum, ìràwọ̀ kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń yí padà, ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jù. Láàárín ọjọ́ 10.15 ló ń lọ tó ń bọ̀, láti nǹkan bí magnitude 3.6 sí 4.2 (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ni magnitude; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ìràwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó). Lásìkò ọyẹ́, ó máa ń ga dáadáa lókè Kàbà. Kappa Geminorum (3.57) ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, mo sì ń fi Iota (3.79) ṣe ẹlẹ́rìí. Tí Iota bá fi ju 0.03 yapa sí 3.79 yẹn, mo da òru náà nù. Eruku ọyẹ́ ló sábà máa ń fa ìyẹn: ojú ọ̀run lè wà láìsí ìkùukùu rárá, síbẹ̀ kí eruku nípọn níhìn-ín ju ọ̀hún lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà yìí, níbi tí fọ́tò ti ń hàn, kì í ṣí síta. Kí ẹ tó rí ohun tó wà ní òkè orí yín, ẹ ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Màmá àdúgbò kan kọjá, wọ́n kí mi, wọ́n ní, "Òkun o! Ṣé àìsàn ló dá ọ dùbúlẹ̀ síta ni?" Mo ní, "Rárá o, Màmá, ìràwọ̀ ni mò ń wọ̀n." Wọ́n wo ọ̀run, wọ́n wò mí, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ìràwọ̀ Betelgeuse fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí wa kọjá gangan, ó sì wù mí láti wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni ẹ ti máa mọ̀ pé àwọ̀ ewé kámẹ́rà kì í ṣe V tààrà. Ó pupa gan-an, Bellatrix tó wà nítòsí sì jẹ́ búlúù. Ẹ gbọ́dọ̀ ya ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ tí a ti mọ àwọ̀ àti magnitude wọn, kí ẹ fi ṣírò iye tí ẹ ó máa fi tún nọ́ńbà ṣe. Títí di ìgbà yẹn, AAVSO, ẹgbẹ́ àwọn awòràwọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1911, ń gba irú rẹ̀ lábẹ́ orúkọ TG, ìyẹn àwọ̀ ewé kámẹ́rà. Ẹ má kọ V sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ìdérí bo lẹ́ńsì, ẹ ya RAW ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ wò níṣojú ọlọ́jà. Tí àmì funfun àti pupa bá pọ̀ ju tàwọn tó kù lórí tábìlì rẹ̀ lọ, ẹ dá a padà fún un.