HP Stream 11 tòkunbọ̀: mélòó ló kù nínú 32GB yẹn?

Láptọ́ọ̀pù kékeré búlúù tàbí pínkì yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń wá tòkunbọ̀ olówó pọ́ọ́kú. Ìparí ọdún 2014 ni HP gbé e jáde ní 199 dọ́là, ẹ̀yà tó ní RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 4GB sì tẹ̀ lé e ní 2016. Ó fúyẹ́, kò ní fáànù, kì í pariwo, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sì dáa ju owó rẹ̀ lọ. Ààyè ìpamọ́ rẹ̀ ni ìjà wà: 32GB. Ẹni tó ń tà á á ní ó tó akẹ́kọ̀ọ́ lò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò.

Ẹgbẹ̀rún ni àwọn tó ń ṣe ibi ìpamọ́ fi ń ṣírò, 1,024 ni Windows fi ń ka tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí 32GB fi ń di 29.8GB lójú Windows, tí 256GB ń di 238GB, tí 1TB sì ń di 931GB. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan níbẹ̀. Yọ ibi tí Windows ń fi pamọ́ fún àtúnṣe ara rẹ̀ kúrò, C:, ìyẹn dìráìfù tí Windows àti fáìlì yín wà, á kù bíi 29GB. Windows 10 nìkan á jẹ tó 20GB nínú rẹ̀. Ó ku 9. Office ń fẹ́ 4GB. Ó ku 5, ẹ kò sì tíì da fọ́tò kan ṣoṣo sórí rẹ̀ láti inú fóònù.

Ti ẹ̀yà 2014 tún wá burú sí i, torí RAM 2GB péré ló ní. Bí RAM bá ti kún, Windows á máa kó ẹrù tó kù sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ pagefile.sys, inú C: yẹn kan náà ló sì wà. Ẹ ṣí ojú ewé mẹ́wàá nínú Chrome, ààyè tí ẹ rí láàárọ̀ lè dín kù kó tó di ọ̀sán.

Update ńlá ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Windows máa ń gbé tuntun wọlé kó tó kó ti àtijọ́ jáde, ó sì máa ń fi ti àtijọ́ sínú Windows.old fún ọjọ́ mẹ́wàá. 5GB ò lè gba ìyẹn. Bó bá ní kí ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ ki èyí tó ṣófo, tó tó 16GB, ẹ má sì yọ ọ́ títí yóò fi parí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Disk Cleanup, ẹ tẹ Clean up system files, ẹ máàkì Previous Windows installation. Àmọ́ òpin ọ̀nà náà ti dé: 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, Windows 11 sì ń béèrè 64GB ó kéré tán. Ẹ ò sì lè pààrọ̀ 32GB yìí, wọ́n ti jó o mọ́ motherboard. Irú ibi ìpamọ́ tí wọ́n jó mọ́ra bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní eMMC.

Ẹni tó ti rà á tẹ́lẹ̀ ṣì lè rí ààyè díẹ̀ gbà padà. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator, ẹ tẹ powercfg /h off. Fáìlì hibernation, tí Windows ń fi iṣẹ́ yín pamọ́ sí kó tó pa ẹ̀rọ, á lọ, ìyẹn sì lè tó 1.6GB lórí ẹ̀yà 4GB. Ẹ tún tẹ compact /compactos:always, á fún fáìlì Windows pọ̀ kí wọ́n lè kéré, á sì fún yín ní bíi 2GB sí i. Ó máa ń pẹ́, kí ṣájà wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ra káàdì SD 64GB tàbí 128GB, ẹ fọ́máàtì rẹ̀ sí NTFS (FAT32, ọ̀nà ìtò fáìlì mìíràn, kì í gba fáìlì tó bá ju 4GB lọ), kí ẹ wá kó Documents, Pictures àti Downloads sórí rẹ̀: Properties, Location, Move. Ẹ má fọwọ́ kan AppData, fódà tí àwọn ètò ń kó nǹkan wọn sí, o.

Káàdì ayédèrú pọ̀ lọ́jà. 16GB lè máa parọ́ fún Windows pé 128GB ni òun, ẹ ò sì ní mọ̀ títí fáìlì á fi máa bàjẹ́. Ẹ fi ètò kan tó ń jẹ́ H2testw dán an wò kó tó di pé ẹ kó ohunkóhun sí i: á kọ ọ́ kún dẹ́nu, á sì ka gbogbo rẹ̀ padà. Níbi tí irọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe á ti máa jáde.

Mélòó wá ló tó èèyàn? Fọ́tò fóònù jẹ́ bíi 4MB, 250 ló ń wọ inú 1GB. Ohùn ìwàásù wákàtí kan tí wọ́n gbà ní ìwọ̀n 128kbps kò ju 58MB lọ. Fídíò ló ń jẹ ààyè: 1080p ń gbà tó 130MB ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí kan ìgbéyàwó sì lè súnmọ́ 8GB. Fún Word, PDF àti íntánẹ́ẹ̀tì, 128GB tó. Ẹni tó ń kó fọ́tò jọ, 256GB. Ẹni tó ń ṣe fídíò, 512GB pẹ̀lú dìráìfù ìta. Kí ẹ máa fi bíi 15% sílẹ̀ lófìfo, torí ibi ìpamọ́ bíi eMMC àti SSD gbọ́dọ̀ pa odindi bulọ́ọ̀kù kan rẹ́ kó tó lè kọ nǹkan tuntun síbẹ̀. Bó bá kún, á di ìgbín.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ yọ káàdì kúrò lára rẹ̀ ná, kí ẹ tó ṣí This PC, kí ẹ lè rí ìwọ̀n tó jẹ́ ti láptọ́ọ̀pù náà gan-an. 1TB tó wà lára páálí, ààyè OneDrive lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọdún kan ni, ó sì ti parí tipẹ́.

Èrò wa: ẹ̀yà 4GB ṣeé rà bí ẹ bá fẹ́ fi ChromeOS Flex, ètò Google tó ń ṣe iṣẹ́ Windows, rọ́pò Windows, torí 16GB péré nìyẹn ń béèrè. Fún Windows, ẹ fi í sílẹ̀. Láptọ́ọ̀pù mìíràn, ThinkPad X250 ti Lenovo, wúwo jù ú lọ, kò sì wà nínú èyí tí Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11, ṣùgbọ́n bí 128GB rẹ̀ bá kún, ẹ tú ìdí rẹ̀, ẹ yọ SSD SATA 2.5 ínṣì náà (ibi ìpamọ́ rẹ̀ tó ṣeé pààrọ̀), ẹ fi 512GB sí i. Kí ẹ ṣáà rí i pé èyí tí ẹ rà kò nípọn ju mìlímítà 7 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní wọlé.